Ọmọ Oníbúrẹ́dì Tí Mi Ò Jẹ́ Kó Kú

Ìyá mi ka Bíbélì Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀mẹfà kí ojú wọn tó lọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹfà ni, nítorí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá parí rẹ̀, wọ́n á fi bírò fa ìlà kan sí inú èèpo ẹ̀yìn ìwé náà. Nígbà tí dókítà ojú sọ fún wa pé ohun tó ti bàjẹ́ kò ṣeé tún ṣe mọ́, wọn ò sunkún. Wọ́n ní kí n máa kà á fún àwọn. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, mo ti kó kúrò ní Akínyẹlé padà sílé wa ní Ìjàyè, mi ò sì ní ohun mìíràn tí mo ń fi ọ̀sán ṣe ju kí n máa bá ewúrẹ́ jà lórí ẹ̀gẹ́ tí a sá. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀keje nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí a parí Ìfihàn, mo pa ìwé dé, mo ní ó ti tán. Wọ́n ní, "Bíbélì ti tán. Àwọn Júù wá ńkọ́?"

"Àwọn Júù wo, Màmá?"

"Àwọn tí à ń ka ìtàn wọn láti ọjọ́ yìí. Wọ́n jáde ní Íjíbítì, wọ́n kó wọn lẹ́rú lọ sí Bábílónì, wọ́n tún padà wá. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Ṣé ilẹ̀ gbé wọn mì ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ọgọ́ta ọdún, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè bẹ́ẹ̀ rí. Mo sọ fún wọn pé ilẹ̀ ò gbé wọn mì, àmọ́ àwọn kan gbìyànjú rẹ̀. Wọ́n ní kí n wá ìwé tó sọ ọ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní láíbìrì ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ní ọ̀nà Akínyẹlé. Ìwé nípa kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo àti àrùn tó ń pa ewé ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tí wọ́n bá ń padà sílùú wọn máa ń da ìwé ìtàn àròsọ sílẹ̀ fún wa. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo gbé páálí méjì nínú wọn wálé. Ọ̀kan nínú ìwé inú páálí náà dá lórí ìdílé Júù kan, láti orí ìyá-ńlá títí dé orí ọmọ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Èèpo iwájú rẹ̀ ti ya. Mo ti kà á rí ní ogún ọdún sẹ́yìn, mo sì ti gbàgbé púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìgbàgbé yẹn ló kó bá mi.

Kí n tó lọ síwájú, ó yẹ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀ nígbà náà. Ọmọ mẹ́ta ló yè fún ìyá mi: ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, èmi, àti àbúrò wa, ọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Kánádà ni ó ń gbé. Gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń pe ìyá wa lórí fóònù, wọ́n á sì máa bá ara wọn ṣàwàdà títí fóònù á fi gbóná. Ní nǹkan bí oṣù mọ́kànlá ṣáájú kí n tó mú ìwé náà jáde nínú páálí, ìyàwó rẹ̀ pè mí. Ọjà Mọ́níyà ni mo wà, mo ń ná ẹja. Ó ní ọkọ òun ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, kò sì dìde mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Mo jókòó sórí àpótí ẹlẹ́ja títí obìnrin ẹlẹ́ja náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn kí wọ́n wá wò mí.

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tó jẹ́ olórí ẹbí wa báyìí, pe ìpàdé sílé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn. Ìpàdé náà ò pẹ́. Wọ́n ní a kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá tó bí i, pàápàá ìyá arúgbó tí ojú rẹ̀ ti lọ. Wọ́n ní tó bá gbọ́, ó máa tẹ̀ lé e ni, òkú méjì la ó sì jọ máa sunkún. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ wa nìyẹn, mi ò ní purọ́. Mo mọ ìyá mẹ́ta ní Ìjàyè níbí tí wọ́n lọ sọ́run tí wọ́n ṣì ń retí ọmọ tó ti ṣáájú wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi fara mọ́ ọn. Èmi náà fara mọ́ ọn. Inú mi ò dùn sí i, ṣùgbọ́n mi ò la ẹnu mi sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí n má wá ṣe bí ẹni mímọ́ níbí.

A sọ fún ìyá wa pé wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ wọn lọ́fun, pé dókítà ní kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun náà á fi jinná. Ẹ̀gbọ́n mi ló ronú kan irọ́ náà, inú wọn sì dùn sí i bí ẹni pé wọ́n rí nǹkan he. Àmọ́ èmi ni mo ń gbé lọ́dọ̀ ìyá wa, èmi ni mo wá di oníṣẹ́. Mo máa ń sọ pé ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, pé ó kí wọn, pé ọ̀fun ń san díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi á ní kí n kí i padà, kí n sọ fún un pé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kó máa mu, kó sì ṣọ́ra fún ata. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń jẹ́ iṣẹ́ ata fún òkú. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé ìyá mi á gbọ́ òótọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ kan, yóò sì pa wọ́n. Mo rù ú káàkiri ilé, mo rù ú lọ sóko, mo rù ú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé la ti máa ń kàwé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ìyá mi á máa bó ẹ̀gúsí, nítorí pé ìyẹn ò nílò ojú. Ìka wọn mọ ibi tí èèpo ti máa ń là. Èmi á fi ojú ka gbólóhùn kan tàbí méjì lédè Òyìnbó, n ó sì sọ ọ́ jáde ní Yorùbá. Tí mo bá pẹ́ lórí gbólóhùn kan, wọ́n á ní, "Ṣé o ti sùn ni?"

Ìwé náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyá-ńlá ìdílé náà, ní ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Pólàǹdì. Àwọn aládùúgbò wọn kóra jọ lọ́jọ́ kan, wọ́n dáná sun ilé àwọn Júù, wọ́n sì pa ẹni tí ọwọ́ wọn bá tẹ̀. Obìnrin náà sá jáde tòun ti oyún. Wọ́n ti pa ọkọ rẹ̀. Kò mú nǹkan kan ju ìkòkò kékeré tí ìwúkàrà wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń mú kí búrẹ́dì wú. Ó rìn títí ó fi dé ìlú mìíràn, ó po ìyẹ̀fun, ó fi ìwúkàrà náà sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta búrẹ́dì.

Ìyá mi dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró. "Kí ni wọ́n ṣe fún àwọn aládùúgbò yẹn?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan, Màmá. Júù ni wọ́n, àwọn yẹn ò sì fẹ́ràn Júù."

"Láìjà, láìta?"

"Láìjà, láìta."

Wọ́n mi orí. "Àwọn tiwa, ogun ló kó wa. Àwọn baba wa jà kí wọ́n tó kó wọn. Ti àwọn wọ̀nyí burú ju tiwa lọ."

Ẹni tó bá mọ Ìjàyè mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìbàdàn kó ìlú yìí, ó sun ún níná, láyé ìyá ìyá-ńlá ìyá mi. Wọ́n ní ìyá kan nínú ìdílé wa di àgbàdo irúgbìn mọ́ inú gèlè, ó gba ọ̀nà Abẹ́òkúta sá lọ pẹ̀lú ebi, kò sì jẹ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló padà wá gbin àgbàdo síbí nígbà tí ilẹ̀ rọ̀. Bóyá òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, bóyá ẹnì kan ti bù mọ́ ọn lójú ọ̀nà, mi ò wádìí. Ìyá mi gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbọ́ nípa ìkòkò ìwúkàrà ni wọ́n ti ń pe ìdílé inú ìwé náà ní "àwọn èèyàn wa". Tí mo bá ṣì ń fọ abọ́ lọ́wọ́, wọ́n á ké sí mi pé kí n wá, kí ló dé bá àwọn èèyàn wa.

Wọ́n bi mí nígbà kan bóyá òótọ́ ni ìwé náà. Mo ní ìtàn àròsọ ni, kò sí ìdílé náà gan-an níbì kankan, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn tó wà lóòótọ́. Wọ́n ronú sí i. Wọ́n ní ẹni tó kọ ọ́ ṣeun, nítorí pé èèyàn ò lè sunkún gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àfi kí wọ́n fún un ní ilé kan tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni ìyá mi kà níléèwé, ẹ máa rántí o.

Nígbà tí obìnrin ìwúkàrà náà bímọ, ó sọ ọmọ rẹ̀ ní orúkọ ọkọ rẹ̀ tí wọ́n pa. Ìwé náà ṣàlàyé pé ní ìdílé wọn, wọn kì í fi orúkọ alààyè sọ ọmọ. Ẹni tó bá ti kú nìkan ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ tuntun, kí orúkọ náà má bàa parun. Ìyá mi fẹ́ràn ìyẹn gan-an. "Baba ọmọ ló tún dé yẹn," ni wọ́n wí, "àfi bíi tiwa." Mo ní kì í ṣe bíi tiwa tán, pé àwọn ò sọ pé òkú náà ló padà wá. Wọ́n ní kí n máa ka ìwé mi, ta ló bi mí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe kà á dé orí ọmọ-ọmọ obìnrin náà, tó jogún ilé búrẹ́dì. Ó níyàwó, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́ta: ọkùnrin méjì, obìnrin kan. Èyí àkọ́bí ni ààyò ìyá mi, nítorí pé ó máa ń jí búrẹ́dì gbígbóná kó sápò lọ síléèwé láti fún àwọn tí kò ní. Kò pẹ́ tí ogun àgbáyé kejì fi dé. Àwọn sójà Jámánì wọ̀lú. Wọ́n ní kí gbogbo Júù rán àmì mọ́ aṣọ, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa, wọ́n kó gbogbo wọn há sí àdúgbò kan tí wọ́n mọ odi yí ká. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi rélùwéè kó wọn lọ sí àgọ́ tí wọ́n ti ń pa wọ́n, àgbà àti ọmọ ọwọ́.

Mo rọra ń sọ ọ́, mi ò fi nǹkan kan kún un. Ìyá mi ní, "Ta ló ń wa rélùwéè náà?"

"Awakọ̀ ni, Màmá. Òṣìṣẹ́ ìjọba."

"Tó bá wà wọ́n débẹ̀ tán, ṣé ó máa ń padà sílé lọ jẹun?"

"Ó máa ń lọ jẹun."

Wọ́n ní ó tó fún ọjọ́ náà. Wọ́n gbé igbá ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n wọlé lọ dùbúlẹ̀. Inú bí mi sí awakọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta, èmi tí mo ti kà á rí tí mi ò tilẹ̀ ronú kàn án.

Wọ́n pa oníbúrẹ́dì náà. Ìyàwó rẹ̀ ti fi ọmọkùnrin kékeré lé àwọn àjèjì lọ́wọ́ kí odi tó pa dé, kí wọ́n lè gbé e lọ sílùú mìíràn. Ìyá mi ní ó ṣe dáadáa, pé nígbà ogun tiwa náà, àwọn ìyá kan fi ọmọ lé àwọn òyìnbó ìjọ lọ́wọ́ kí ebi má bàa pa wọ́n. Wọ́n mú àkọ́bí lọ sí àgọ́. Obìnrin náà àti ọmọbìnrin rẹ̀ fi ọdún méjì sá pamọ́ sínú kòtò tí àgbẹ̀ kan ń kó ọ̀dùnkún sí. Nígbà tí ogun parí, wọ́n padà sílùú wọn, wọ́n bá ẹlòmíràn nínú ilé wọn. Ìyá náà yá ààrò kan, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í po búrẹ́dì. Lójoojúmọ́, tó bá ti tà tán, ó máa ń lọ dúró ní ibùdókọ̀ rélùwéè, ó ń retí àkọ́bí rẹ̀, nítorí pé ó mọ ibi tí èyí kékeré wà.

Ojú ewé tó tẹ̀ lé e ni lẹ́tà náà wà. Mo sọ pé lẹ́tà kan dé fún un, kí n tó rí ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Lẹ́tà!" ni ìyá mi wí. Wọ́n ti gbé orí sókè. "Ti ọmọ ẹ̀ ni? Kí ló wí?"

Mo fi ojú kà á. Ọmọ náà ti kú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní àgọ́ ló kọ̀wé sí ìyá rẹ̀. Mo wo ojú ìyá mi, wọ́n kọjú sí mi, wọ́n ń retí, ó sì dà bíi pé wọ́n ń rí mi. Oṣù mẹ́tàlá ni mo ti fi ń ṣọ́ ẹnu mi lọ́dọ̀ ojú yẹn. Wọn kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá. Ẹnu mi ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ ju ọpọlọ mi lọ. Mo gbọ́ tí mo ń sọ pé, "Ó wà láàyè, Màmá. Ẹnì kan ló bá a kọ ọ́. Ó wà ní ilé ìwòsàn. Ọwọ́ ló ń dùn ún, kò lè mú kálàmù."

"Ọpẹ́ ni fún Olúwa!" Wọ́n pàtẹ́wọ́, ẹ̀gúsí dà sílẹ̀. Wọ́n ní kí n fi ẹja méjì sí ọbẹ̀ nítorí ọmọ oníbúrẹ́dì. Mo fi ẹja méjì sí i. A jẹ ẹ́.

Mo rò pé mo ti yọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, obìnrin inú ìwé náà bo jígí, ó jókòó sórí àpótí kékeré fún ọjọ́ méje, àwọn aládùúgbò ń gbé oúnjẹ wá fún un, nítorí bí àwọn Júù ṣe ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn. Mo sọ fún ìyá mi pé ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Nígbà tó yí ọdún po, tó tan àbẹ́là ìrántí fún ọmọ rẹ̀, mo ní ọkọ rẹ̀ ló tàn án fún. Ojoojúmọ́ ni mo ń tún ìwé olówó ìwé kọ. Mo tilẹ̀ rò ó pé kí n sọ pé ewúrẹ́ ti jẹ ìyókù. Ewúrẹ́ wa lè ṣe é, kò sẹ́ni tí yóò jiyàn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tó ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni. Ó ti rẹ̀ mí, mo ti tu koríko láàárọ̀. A ti dé ibi tí ọmọbìnrin tó bọ́ nínú kòtò ọ̀dùnkún ti lọ́kọ ní òkè òkun, tó sì bí ọmọkùnrin. Ìyá rẹ̀ wọkọ̀ ojú omi lọ bá a. Mo kà á bó ṣe wà: ọmọbìnrin náà gbé ọmọ lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ní orúkọ ẹ̀gbọ́n òun lòun sọ ọ́. Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ ohun tí mo sọ.

Ìka ìyá mi dúró. "Orúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wo?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin, Màmá."

"Èyí tó wà ní ilé ìwòsàn."

Mo yára ṣí ojú ewé tó kàn.

"Wọn kì í fi orúkọ alààyè sọ ọmọ. Ìwọ lo kà á fún mi."

"Bóyá wọ́n ti pa àṣà yẹn tì nígbà tí wọ́n dé òkè òkun..."

"Dákẹ́." Wọn ò pariwo. Wọ́n ń fi ìka pa èèpo ẹ̀gúsí kan ṣoṣo. "Ti inú ìwé, o ní ọwọ́ ló ń dùn ún, kò lè kọ̀wé. Tèmi, ẹ ní ọ̀fun ló ń dùn ún, kò lè sọ̀rọ̀." Wọ́n ju èèpo náà nù. "Irọ́ kan náà lẹ pa fún àwa méjèèjì."

Mo fẹ́ dìde kí n sá wọnú oko.

"Padà síbi lẹ́tà yẹn," ni wọ́n wí. "Kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kà á."

Mo ṣí i padà. Mo kà á. Ọ̀rẹ́ ọmọ náà kọ̀wé pé kí ìyá má ṣe lọ sí ibùdókọ̀ mọ́. Ó ní ọmọ rẹ̀ kú nígbà tí yìnyín ń yọ́, pé òun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pé kò dá nìkan lọ, àti pé ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ilé wọn ló sọ kẹ́yìn. Mo ka àpótí kékeré, mo ka ọjọ́ méje, mo ka jígí àti àbẹ́là, mi ò fo nǹkan kan. Nígbà tí mo dé ibi tí obìnrin náà ti dìde lọ́jọ́ kẹjọ, tó wẹ ọwọ́, tó lọ po ìyẹ̀fun, ìyá mi gbé ọwọ́ sókè kí n dúró.

"Tèmi wá ńkọ́?"

Mo sọ fún wọn. Mo sọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́ta, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún mi. Wọ́n béèrè ọjọ́. Mo ní ó kú lọ́sẹ̀ tí a wa iṣu tuntun lọ́dún tó kọjá. Wọ́n béèrè ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àti bóyá ó jẹ̀rora pẹ́, àti bóyá wọ́n wẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo dáhùn èyí tí mo mọ̀. Mi ò bi wọ́n bóyá wọ́n ti ń fura tẹ́lẹ̀, títí dòní mi ò bi wọ́n.

Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo jókòó, mo ń retí ikú tí wọ́n ní yóò tẹ̀ lé e. Mo ń ṣọ́ àyà wọn bó ṣe ń lọ sókè, tó ń wálẹ̀. Ó ń lọ sókè, ó ń wálẹ̀. Omi ń ṣàn lójú wọn, wọn ò nù ún. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní kí n pe ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò àwọn, kí wọ́n wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Àbúrò ìyá mi ò tíì bọ́ sílẹ̀ tán nínú mọ́tò tí wọ́n fi dójú lé mi. "Ìwé ni o fi túfọ̀ ọmọ fún ìyá ẹ? Ìwé àwọn òyìnbó! Ohun tí gbogbo ẹbí jọ fẹnu kò sí, ìwọ nìkan lo lọ tú u. Tí nǹkan bá ṣe wọ́n ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́yìn wọn, wọn ò wò mí. Èmi náà ṣì ń bẹ̀rù bẹ́ẹ̀.

"Fi í sílẹ̀, wá jókòó," ni ìyá mi wí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Àbúrò wọn lọ dọ̀bálẹ̀, wọ́n jókòó. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Nítorí yín la ṣe ṣe é. A ò fẹ́ kó pa yín."

"Obìnrin kan wà nínú ìwé tí ọmọ mi ń kà," ni ìyá mi wí. "Wọ́n pa ọkọ ẹ̀, wọ́n pa ọmọ ẹ̀, wọ́n gba ilé ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún ìyá-ńlá ọkọ ẹ̀. Ẹnì kan tí kò mọ̀ ọ́n rí kọ̀wé sí i, ó sọ òótọ́ fún un. Ó jókòó, ó sunkún, ó dìde, ó lọ po búrẹ́dì. Ìwọ tá a jọ mu ọmú kan náà, o ò jẹ́ kí n jókòó."

Àbúrò wọn bọ́ fìlà, wọ́n ń yí i lọ́wọ́.

"Oṣù mẹ́rìnlá," ni ìyá mi wí. Wọ́n yí ojú wọn kárí gbogbo wa, bí ẹni tó ń wo ẹnì kọ̀ọ̀kan. "Láràárọ̀ ni mo ń bẹ Ọlọ́run kó fún ọmọ mi ní ẹ̀mí gígùn, kó fi ọwọ́ ara ẹ̀ sin mí. Òkú ni mo ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún. Ẹ̀yin lẹ sì ń ṣe àmín."

Àmín tèmi ló pọ̀ jù, nítorí èmi ni mo ń wà níbẹ̀ láràárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ tí àbúrò wa ti kú, a ò tíì sunkún rẹ̀ pọ̀ rí, kálukú ló ń lọ sun tirẹ̀ níbi tí ìyá wa ò ti ní gbọ́. Ìyá mi na ọwọ́ sí ibi tí ohùn náà ti ń wá, wọ́n ń wá orí ọmọ wọn títí wọ́n fi rí i.